Dúró sí Òde: Òfin Ọlọ́run lórí Ọ̀wọ̀ Òtòṣì

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí inú ilé yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa fífi ọrẹ fún aláìní. Nípa èyíinì a ti wàásù púpọ̀, ẹ sì ti gbọ́ púpọ̀. Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tí kò mọ̀ pé Ọlọ́run fẹ́ kí a bọ́ ẹni tí ebi ń pa. Ohun tí a ń fẹ́ bá yín gbé yẹ̀ wò ni ojú tí a fi ń wo aláìní nígbà tí a bá ń fún un, orúkọ tí a ń pè é, ibi tí a ní kí ó jókòó sí, àti ẹnu tí a fi ń béèrè owó wa lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá jẹ wá ní gbèsè. Lórí nǹkan wọ̀nyí Bíbélì sọ̀rọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ, ó sì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé Deuteronómì, orí 24. Ìdílé tí Bíbélì bá wà nítòsí wọn, kí wọ́n mú un wá, kí wọ́n sì kà á fúnra wọn, nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ni a ó sọ níhìn-ín. Ní ẹsẹ 10 àti 11, Mósè ń bá ẹni tí ó yá ará rẹ̀ lówó sọ̀rọ̀. Ó gbà pé ayánilówó ní ẹ̀tọ́ láti gba ògò, èyíinì ni ohun ìní tí a fi dúró fún gbèsè títí a ó fi san án. Ṣùgbọ́n ó kọ̀ fún un láti wọ inú ilé onígbèsè lọ mú ògò náà. Òde ni kí ó dúró sí. Onígbèsè fúnra rẹ̀ ni yóò wọlé, tí yóò yan ohun tí yóò mú jáde, tí yóò sì gbé e wá bá a ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹ wò ó, òfin yìí kò dín gbèsè náà kù ní kọ́bọ̀ kan. Kò sọ òtòṣì di ọlọ́rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó fún un: ó fún un ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí ó ti rí inú ilé òtòṣì rí yóò mọ ohun tí èyí já sí. Ẹní tí ó ti ya wà níbẹ̀, ìkòkò tí a kò gbé ka iná láti àná wà níbẹ̀, ọmọ tí kò ní ẹ̀wù wà ní ìdí ògiri, ìyàwó tí kò fẹ́ kí àlejò rí òun nínú àkísà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ayánilówó tí ó bá wọlé yóò rí gbogbo rẹ̀, yóò fi ojú díwọ̀n rẹ̀, yóò gbé èyí, yóò fi èyíinì sílẹ̀, baálé ilé náà yóò sì dúró bí ọmọdé lójú aya àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọlọ́run kò fẹ́ kí a rí i bẹ́ẹ̀. Bí ìlẹ̀kùn òtòṣì kò tilẹ̀ ju ìmọ̀ ọ̀pẹ lọ, ìlẹ̀kùn ni lójú Òfin, gẹ́gẹ́ bí ti ààfin ti jẹ́ ìlẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ilẹ̀ wa kò ní í ṣàì rántí ológò. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí kíkọ rẹ̀ ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson tún kọ lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ sọnù, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, sọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Olówó tí ó bá ti sin gbèsè títí tí kò rí i gbà yóò wá ológò, ẹni tí àìnítìjú jẹ́ iṣẹ́ oòjọ́ fún. Ológò yóò wọ agbo ilé onígbèsè lọ, yóò na ara rẹ̀ gbalaja sí ilẹ̀, yóò máa bú, yóò máa pariwo, yóò máa béèrè oúnjẹ, yóò sì máa gbá adìẹ àti ewúrẹ́ tí ojú rẹ̀ bá tó mú, títí ojú yóò fi ti gbogbo ará ilé, tí wọn yóò sì wá owó náà bí wọ́n bá tilẹ̀ ní láti yá a ní ibòmíràn. Àwọn baba wa mọ̀ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ẹ̀sín ṣe ọ̀kọ̀ tí a fi ń gba owó.

Nísinsìnyí, ẹ gbé ológò kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ 11 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wò. Ohun tí ológò ń ṣe gan-an ni Mósè kọ̀. Kò kọ̀ pé kí a gba gbèsè. Ó kọ̀ pé kí a fi ìtìjú gbà á.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ológò ti bá àwọn baba wa lọ. Ó ti wọ inú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí ó wà ní àpò wa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ayánilówó kan dìde ní Nàìjíríà tí wọn ń yá ènìyàn ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan náírà láti orí fóònù láìgba ògò kankan. Ṣùgbọ́n ògò wà níbẹ̀, onígbèsè ni kò rí i: orúkọ gbogbo ẹbí, ọ̀rẹ́, ọ̀gá ibi iṣẹ́ àti àlùfáà rẹ̀, tí ó kọ sí inú fóònù náà, ni wọ́n ti kó. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò pé, wọn yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ pé olè ni, wọn yóò sì lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àbùkù tí a kò lè kọ sí inú ìwé ìdílé bí èyí. Ọ̀ràn náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ FCCPC, tí ń gbèjà àwọn oníbàárà, fi ṣe ìlànà ní 2022 pé kí gbogbo irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ wá fi orúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú irú ìwà yìí. Inú wa dùn sí ìlànà náà. Síbẹ̀ a bi ara wa léèrè, àwa onígbàgbọ́, pé ta ni ń jókòó sí ìdí iṣẹ́ wọ̀nyí láti máa kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà? Ọmọ wa ni. Ọmọ tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí kò rí iṣẹ́ mìíràn, tí ń kọrin ní ẹgbẹ́ akọrin ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ bi wọ́n léèrè nílé irú iṣẹ́ tí wọn ń ṣe, ẹ má kàn bi wọ́n léèrè iye tí wọn ń gbà.

Orí 24 yẹn kò tí ì tán. Ní ẹsẹ 6, a kò gbọdọ̀ gba ọlọ tàbí ọmọ ọlọ ṣe ògò, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn ni a gbà bí a bá gba ohun tí ó fi ń rí oúnjẹ òòjọ́. Kò sí ìyá kan nínú àwọn olùkàwé wa tí a ní láti túmọ̀ èyí fún. Lóde òní ọlọ lè jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó lè jẹ́ ọ̀kadà, ó lè jẹ́ àpótí tí aláte fi ń tajà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ní ẹsẹ 12 àti 13, àti ní Ẹ́ksódù orí 22, bí ògò òtòṣì bá jẹ́ aṣọ ìbora rẹ̀, ayánilówó kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oòrùn wọ̀ kí ó tó dá a padà. Ọlọ́run tilẹ̀ béèrè níbẹ̀ ohun tí olúwarẹ̀ yóò fi bora sùn. Ní ẹsẹ 14 àti 15, owó alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ wa. Ní ẹsẹ 17, a kò gbọdọ̀ gba aṣọ opó ṣe ògò rárá.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan wí pé òfin wọ̀nyí dára ní kíkà, ṣùgbọ́n ta ni ó pa wọ́n mọ́? Ìbéèrè rere ni. Ní 1960, àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti mọ ìtàn àtijọ́ rí àpáàdì kan ní ibi odi àtijọ́ tí a ń pè ní Mesad Hashavyahu, ní etí òkun ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Wọ́n ti fi tàdáwà kọ èdè Hébérù sí ara rẹ̀, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ohun tí ó lé ní 600 ọdún kí a tó bí Olúwa wa. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni, tí olùkórè kan kọ sí gómìnà. Ó ní òun ti kórè, òun ti wọn ọkà, òun ti kó o sínú àká gẹ́gẹ́ bí ti ojoojúmọ́, nígbà tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hoṣáyà ọmọ Ṣóbáì dé tí ó sì gba aṣọ òun. Ó ní àwọn tí ó bá òun kórè nínú oòrùn yóò jẹ́rìí pé òun kò jẹ̀bi. Ó bẹ gómìnà pé kí a dá aṣọ náà padà. Bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀ranyàn fún gómìnà, kí ó ṣàánú òun.

Àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ó ṣeé ṣe kí akọ̀wé kan ni ó bá olùkórè náà kọ ọ́. Àwa tí a ń fi iṣẹ́ akọ̀wé jẹun ní ọjọ́ mẹ́fà, tí a sì ń kọ́ni ní katikísímù ní ọjọ́ keje, kò lè ka ìtàn yìí kí ó má wọ̀ wá lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti bá ènìyàn kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀: opó tí ń wá owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀, baba tí a lé kúrò ní yàrá, ìyá tí ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ pé kí a má ṣe lé ọmọ òun jáde. Ohun tí wọn máa ń sọ fún wa jùlọ kì í ṣe pé kí a kọ ọ́ kí ó dùn létí. Wọ́n ń wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé mo ń ṣagbe.” Àpáàdì olùkórè náà kò ṣagbe. Ó pe àwọn ẹlẹ́rìí, ó sọ iṣẹ́ tí ó ṣe, ó sì béèrè ohun tí í ṣe tirẹ̀. Wòlíì Ámósì ti bá irú àwọn Hoṣáyà wọ̀nyí wí ṣáájú àkókò náà, ní orí 2 ìwé rẹ̀, pé wọn ń dùbúlẹ̀ lórí aṣọ tí wọ́n gbà ṣe ògò, lẹ́bàá pẹpẹ gan-an. Wọ́n gbé ẹ̀sín òtòṣì wá sí ilé ìsìn, wọ́n sì tẹ́ ẹ sùn.

A kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ohun tí Bíbélì ní láti sọ ni ìbáwí. Ẹ yí ojú ìwé padà sí Rúùtù orí 2. Òfin ti wà tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ń kórè kò gbọdọ̀ kó oko rẹ̀ tán dé igun, kò sì gbọdọ̀ padà lọ mú ìtí tí ó gbàgbé. Ti àlejò, ti ọmọ aláìníbaba àti ti opó ni. Bóásì ìbá ti pa òfin yìí mọ́ kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó fi kún un. Ó pàṣẹ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin rẹ̀ kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ kan obìnrin ará Móábù náà. Ó ní kí ó mu nínú omi tí àwọn ìránṣẹ́ pọn. Nígbà tí oúnjẹ tó, ó pè é láti jókòó pẹ̀lú àwọn olùkórè, kí ó fi òkèlè rẹ̀ bọ inú ọtí kíkan gẹ́gẹ́ bí ti àwọn yòókù, òun fúnra rẹ̀ sì na ọkà yíyan sí i. Ó jẹ, ó yó, ó sì ṣẹ́ kù. Ṣé ẹ mọ ohun tí ó fi ìyókù náà ṣe? Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó gbé e lọ fún ní alẹ́.

Lẹ́yìn tí Rúùtù dìde kúrò nídìí oúnjẹ ni Bóásì wá sọ èyí tí ó wù wá jù. Ó sọ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kí wọ́n jẹ́ kí ó pèéṣẹ́ láàrin ìtí pàápàá, kí wọ́n má sì ṣe dójú tì í. Kí wọ́n tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fa díẹ̀ yọ nínú ìdì ọwọ́ wọn, kí wọ́n jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ rí i, Bóásì lè bu ọkà bálì fún un kí ó sì máa lọ. Ìyẹn ni yóò rọrùn jù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọrẹ ni Rúùtù ìbá gbé dé ọ̀dọ̀ Náómì. Èyí tí ó gbé dé ilé ní alẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ éfà kan ọkà bálì, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pèéṣẹ́, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa. Bóásì fún un ní ọkà, kò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó ṣe oore tí ó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe ni. Bóásì kò lóṣòó ti tirẹ̀. Ó fi í pamọ́ sí inú pòròpórò.

Nípa orúkọ, a ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti sọ. Ní Sámúẹ́lì Kejì orí 9, Dáfídì ọba béèrè bóyá ẹnìkan ṣẹ́ kù ní ilé Sọ́ọ̀lù kí òun lè ṣe oore fún un nítorí Jónátánì. Síbà ìránṣẹ́ dáhùn pé ọmọ Jónátánì kan wà tí ó yarọ ní ẹsẹ̀. Ẹ tún un kà: kò dárúkọ rẹ̀. Lójú Síbà, arọ tó fún orúkọ. Nígbà tí ọmọkùnrin náà dé láti Lódébárì tí ó sì wólẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọba kọ́kọ́ sọ: ó pe orúkọ rẹ̀, Mẹfibóṣẹ́tì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí olùtọ́jú rẹ̀ gbé e sá tí ó sì bọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà ó ti kọ́ láti máa pe ara rẹ̀ ní òkú ajá, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọba. Dáfídì kò bá a jiyàn. Ó yí padà sí Síbà, ó dá gbogbo ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún ọmọ náà, ó ní kí Síbà pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ 15 àti ìránṣẹ́ rẹ̀ 20 máa ro ó fún un, ó sì ní kí Mẹfibóṣẹ́tì máa jẹun ní tábìlì ọba bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọba. Ní ìdí tábìlì, ẹsẹ̀ kì í hàn.

Àwa ńkọ́? Ní àdúgbò wa, “Ìyá Afọ́jú” ni, “Baba Arọ” ni, “ọmọ alágbe yẹn” ni. Ogún ọdún ni ènìyàn lè gbé ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn wa kí olórí ìjọ má mọ orúkọ tí a sọ ọ́. Olúwa wa, nígbà tí ó ń pa òwe ní Lúùkù orí 16, fi ọlọ́rọ̀ náà sílẹ̀ láìlórúkọ, ó sì dárúkọ ẹni tí ajá ń lá egbò rẹ̀. Ní Jẹ́ríkò, Máàkù orí 10, àwọn èrò ní kí Bátíméù afọ́jú dákẹ́. Jésù dúró, ó ní kí a pè é, ó sì bi í léèrè ohun tí ó ń fẹ́ kí òun ṣe fún un. Ẹni tí kò rí ohun gbogbo ìbá wí pé ìbéèrè náà kò nílò, níwọ̀n bí afọ́jú ti jẹ́ afọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bi léèrè ohun tí ó ń fẹ́ ti di ènìyàn tí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Kí a má sì gbàgbé, ní ẹ̀gbẹ́ kan, pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù nínú ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, èyí tí gbogbo rẹ̀ jáde ní 1884, ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí a kó lẹ́rú ní Ọ̀ṣoogùn ní 1821, tí a sì fi pààrọ̀ ẹṣin nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Ẹni tí ó fi í pààrọ̀ ẹṣin kò béèrè orúkọ rẹ̀.

A ó bọ́ sí inú ilé ìsìn báyìí, a sì bẹ àwọn alàgbà kí wọ́n má ṣe bínú. Jákọ́bù, ní orí 2 ìwé rẹ̀, ya àwòrán kan tí ẹnikẹ́ni tí ó ti ṣe olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ìjọ kankan yóò mọ̀. Ọkùnrin olórùka wúrà wọlé, a fún un ní ìjókòó rere. Òtòṣì elédọ̀tí aṣọ wọlé, a ní kí ó dúró lọ́hùn-ún tàbí kí ó jókòó sí ìdí àpótí ìtìsẹ̀. Pọ́ọ̀lù ní Kọ́ríńtì Kìíní orí 11 bínú ju èyí lọ, nítorí pé ní ìdí oúnjẹ Olúwa gan-an ni ebi ti ń pa ẹnìkan tí ẹlòmíràn sì ti yó. Ó ní wọ́n ń gan ìjọ Ọlọ́run, wọ́n sì ń dójú ti àwọn tí kò ní.

Nísinsìnyí ẹ rántí ìdúpẹ́ ìkórè wa. Olùdarí ètò a gba ẹ̀rọ amóhùngbóhùn, a sì kọ́kọ́ pe àwọn tí yóò fi mílíọ̀nù kan náírà dúpẹ́. Wọn a jó jáde, ìlù a sì dún. Lẹ́yìn náà ni ti ìlàjì mílíọ̀nù, ti ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, ti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, tí ohùn ìlù sì ń lọ sílẹ̀ bí owó ti ń lọ sílẹ̀. Ní ìparí, nígbà tí àwọn onílù ti ń nu òógùn, a ó pe “ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ohunkóhun.” Ìyá tí ó ti fi odindi ọdún tọ́jú ẹgbẹ̀rún kan náírà sí etí aṣọ rẹ̀ ni yóò dìde nígbà náà, lójú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ṣé àwa ni a kò rí ohun tí a ṣe fún un?

Nínú ìwé Ẹ́ksódù orí 30, owó ètùtù fún ilé Ọlọ́run jẹ́ ààbọ̀ ṣékélì lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ọlọ́rọ̀ kò gbọdọ̀ san jù bẹ́ẹ̀ lọ, òtòṣì kò sì gbọdọ̀ dín in kù. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ owó ọkàn, Ọlọ́run kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè wí pé tòun wọ́n ju ti ẹnìkejì lọ. Ní ti ẹbọ tí agbára kò dọ́gba lórí rẹ̀, Léfítíkù orí 12 gba obìnrin tí kò lè mú ọ̀dọ́ àgùntàn wá láàyè láti mú àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì. Lúùkù orí 2 sì sọ fún wa irú èyí tí Jósẹ́fù àti Màríà rú nígbà tí wọ́n gbé Olúwa wa lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ẹbọ àwọn tí kò lè ra àgùntàn ni. Bí olùdarí ètò wa bá wà ní tẹ́ḿpìlì ní ọjọ́ náà, ìpè ìkẹyìn ni ìbá pe ìyá Jésù.

Ti fọ́tò náà ń bẹ lọ́kàn wa. Kérésìmesì kò ní í dé kí a má rí opó tí ó dúró lórí ìlà nínú oòrùn, tí a gbé àpò ìrẹsì kékeré lé lọ́wọ́, tí a sì ní kí ó rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ ayàwòrán kí ó tó máa lọ, kí gbogbo ayé lè rí i ní orí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìrẹsì náà lè má tó ọ̀sẹ̀ kan. Àwòrán náà yóò wà títí ọmọ rẹ̀ yóò fi dàgbà tí yóò sì bá a níbẹ̀. Olúwa wa jókòó kọjú sí àpótí ìṣúra ní Máàkù orí 12, ó rí opó tí ó sọ owó wẹ́wẹ́ méjì sí i. Ó pe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ó sì yìn ín fún wọn. A kò kà á níbẹ̀ pé ó pe opó náà jáde. Ó jẹ́ kí ó máa lọ ní àlàáfíà.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń mi orí. Wọn yóò wí pé ọ̀lẹ wà láàrin àwọn tálákà, onígbèsè tí ń fi ẹ̀tàn jẹun wà, àti pé Pọ́ọ̀lù ti sọ fún àwọn ará Tẹsalóníkà pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kí ó má jẹun. Òtítọ́ ni, a kò sì ní í fi bò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò *fẹ́* ni Pọ́ọ̀lù wí, kì í ṣe ẹni tí kò rí tàbí ẹni tí kò lè. Òfin Mósè pàápàá, ní Léfítíkù orí 19, kò jẹ́ kí onídàájọ́ ṣègbè fún tálákà nítorí pé ó jẹ́ tálákà. A kò bẹ̀ yín láti sọ gbèsè di ọ̀fẹ́. Ẹ béèrè owó yín. Ẹ gba ògò bí ó bá yẹ. Ẹ dúró sí òde ni.

Ní ìjọ tí ó bá fẹ́ ṣe nǹkan nípa èyí kí ìkórè tí ń bọ̀ tó dé, ọ̀nà kan wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì ni a ń gbójú fò dá nínú pínpín oúnjẹ ojoojúmọ́, àwọn ènìyàn wọn sì ń kùn. Àwọn àpọ́sítélì kò sọ fún wọn pé kí wọ́n dúpẹ́ fún èyí tí wọ́n rí gbà. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ náà. Ẹ ka orúkọ àwọn méje ní ẹsẹ 5: Stéfánù, Fílípì, Prókórù, Nikanórì, Tímónì, Páménà, àti Níkólà ará Áńtíókù. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Láàrin àwọn tí ń kùn ni ó jọ pé a ti yan àwọn tí yóò máa pín oúnjẹ. Mélòó nínú ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ ìjọ wa ni ó ní opó kan tàbí arọ kan nínú, tí ń jókòó nídìí tábìlì tí ó sì ń dìbò? Ẹ fi orúkọ ẹni méjì bẹ́ẹ̀ síwájú ní ìpàdé yín tí ó kàn. Nínú gbogbo ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì láti orí 7 títí dé òpin, a kò tún gbọ́ ìkùnsínú nípa oúnjẹ àwọn opó náà mọ́.